Àwọn Àlejò Tí Kò Jẹun

Ọjọ́ tí àwọn àna wa wá tọrọ àbúrò mi obìnrin, màmá mi gún iyán. Ìjẹ̀ṣà ni màmá mi, Kírísítẹ́nì sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni bàbá mi, tí àwa ọmọ sì ń kírun. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn nínú kọ́mpáùn tí a háyà ní Kabala Costain, lókè Ọya, kò sì ni ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó máa ń ni màmá mi lára ni kí ènìyàn kọ oúnjẹ rẹ̀.

Ọkùnrin méjì ló wá láti Barakallahu. Bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbúrò mi ti kú, àwọn àbúrò bàbá náà ló tọ́ ọ dàgbà, àwọn náà ló sì wá. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n bá bàbá mi ṣàwàdà. Nígbà tí màmá mi gbé oúnjẹ kalẹ̀, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú adìyẹ, wọ́n ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n èyí àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orúnkún, kò gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Èyí àbúrò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Omi inú ọ̀rá nìkan ni wọ́n mu, kí àgbà náà sì tó fi eyín já tirẹ̀, ó gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. Iyán tutù, ó sì pa awọ. Bàbá mi ní kí wọ́n padà wá gbọ́ èsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n lọ.

Ilé wa ò rójú láti ìgbà náà. Màmá mi ní wọ́n rí àwòrán Jésù tó wà ní kọ́ríídọ̀ ni, wọ́n sì rò pé ọwọ́ Kírísítẹ́nì ló pa adìyẹ. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó ti wọlé bàbá mi, málàm tó ń gbé lẹ́yìn mọ́sáláṣí ló máa ń bá a dúńbú ẹran, nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí gan-an. Èmi ní tèmi fura sí àbúrò mi. Mo rò pé ó ti sọ nǹkan kan nípa màmá wa fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Mo bi í léèrè, ó fi Hausa dá mi lóhùn pé òun ò sọ nǹkan kan, ó sì yíjú kúrò. Bàbá mi ní tirẹ̀ ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Ó ní àlejò tó bá ní rere lọ́kàn yóò jẹun, ẹni tó bá kọ oúnjẹ ní nǹkan tó fẹ́ ṣe.

Ibẹ̀ ló ti mú ìtàn Ànọ́bì Ìbúráhíìmù wá. Ó ní ó wà nínú súúrà Huud pé àwọn àlejò wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n sálámà sí i, ó dáhùn, kò sì pẹ́ tó fi gbé ọmọ màlúù tí wọ́n yan wá. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ wọn ò dé ibi oúnjẹ, ara fu ú, ẹ̀rù wọn sì bà á nínú ọkàn rẹ̀. Màlékà ni wọ́n, wọn kì í jẹun, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀.

Màmá mi bi í pé kí ni ìyàwó rẹ̀ ṣe.

Bàbá mi ní ó wà ní ìdúró, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fún un ní ìró ayọ̀ pé yóò bí ọmọ.

Àbúrò mi, tó ṣe ilé-kéwú dáadáa, ní kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Ó ní nínú súúrà Adh-Dhaariyaat, ńṣe ni obìnrin náà ké, tó gbá ara rẹ̀ lójú, tó ní arúgbó àgàn ni òun.

Olùkọ́ ni màmá mi nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ro ẹjọ́ kan lọ́nà méjì, ó gbà pé ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Ó wo bàbá mi, ó ní, "Ẹ̀rín ló rín ni, àbí ó gbá ara rẹ̀ lójú? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fi ìkejì pamọ́ fún mi?"

Bàbá mi ní òun ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbé Kùráànì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un láti ibì kan dé ibòmíràn. Ó ní ibì kan fi bí Ìbúráhíìmù ṣe yára ṣe àlejò hàn, ibòmíràn sọ pé ó yọ́ lọ bá àwọn ará ilé rẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló sún oúnjẹ mọ́ wọn, tó ní ṣé wọn ò ní jẹun ni. Ó ní àwọn onímọ̀ pàápàá ò fẹnu kò lórí ohun tó pa obìnrin náà lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n Ẹni tó ń sọ ọ́ mọ ohun tí ibi kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Màmá mi ń mi orí, ṣùgbọ́n irú mímì tó máa ń mì fún ọmọ tí kò gbà gbọ́ ni.

Ìgbà tí wọ́n dé súúrà Al-Hijr ló tó jókòó dáadáa. Níbẹ̀, kò sí ọmọ màlúù, kò sí ìyàwó. Wọ́n sálámà, Ìbúráhíìmù sì sọ ọ́ sí wọn lójú pé ẹ̀rù wọn ń ba àwọn.

"Ó sọ ọ́ jáde," ni màmá mi wí. "Èyí tó yẹ kí ẹ ṣe nìyẹn."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n sin òun lọ sí ibì kan. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti mọ̀ pé Barakallahu là ń lọ. Bàbá mi ò mọ̀.

A bá àgbà náà níwájú ilé rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní kí a wọlé. Màmá mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí ìkíni parí. Ó ní, "Alàájì, ẹ ò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Ẹ̀rù yín ń bà wá. Ẹ sọ ohun tá a ṣe."

Ọkùnrin náà ní kì í ṣe ẹ̀bi wa. Ó ní kí wàhálà ẹ̀sìn ọdún 2000 tó dé, òun àti aládùúgbò òun kan jọ ń jẹun nínú àwo kan ni. Ọkùnrin yẹn náà ló nawọ́ sí ilé òun fún àwọn tó wá dáná sun ún. Kò sọ ẹ̀sìn ọkùnrin náà, a ò sì bi í. Ó ní láti ìgbà náà, ohun tí ìyàwó òun bá sè nìkan ló ń wọ ọ̀nà ọ̀fun òun. Nílé àbúrò òun pàápàá, òun kì í jẹun.

"Mo mọ̀ pé kò dára," ló wí. "Ọwọ́ ni ò gbà fún mi."

Màmá mi kí i kú àjálù. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọkùnrin náà. Ìyàwó Alàájì wá gbé túwó wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ń rú èéfín. Mo fọwọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Màmá mi dúpẹ́, ó ní ẹ̀wà tí òun jẹ kí òun tó jáde ṣì wà níkùn òun. Kò jẹ ẹ̀wà kankan lọ́jọ́ náà. Omi inú ọ̀rá ló gbà, mo sì rí i tó ń tẹ gbogbo etí rẹ̀ kó tó já a.

Nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ padà, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi jẹun.

Ó ní, "Ta ló mọ ohun tí wọ́n fi sè é?"

Ó sọ ibi tá a lọ fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi bínú díẹ̀, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ dùn. Ó bi í bóyá wọ́n gbà á lálejò. Màmá mi ní wọ́n gbé túwó wá, a jẹ, a sì yó. Bàbá mi wo èmi. Mo ní kó bi màmá. Ó wò mí pẹ́ títí, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tí màmá mi ń sọ ọ́ fún àbúrò mi nílé ìdáná. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní wọn ò tilẹ̀ fi oúnjẹ lọ̀ wá.

Nígbà tí wọ́n padà wá gbọ́ èsì, bàbá mi gbà fún wọn. A so ìgbéyàwó náà, àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbé pọ̀ dáadáa títí dòní. Lọ́jọ́ yìgì, Alàájì wá, ìyàwó rẹ̀ sì gbé kúlà kékeré kan lọ́wọ́. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jẹun, inú kúlà yẹn ni wọ́n ti bu tirẹ̀ fún un. Màmá mi rí i láti òkèèrè. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òótọ́ lọkùnrin náà sọ. Ó tún dúró díẹ̀ tó ń wò wọ́n.

"Tàbí wọ́n mọ̀ pé mo máa wò," ló wí, ó sì lọ jókòó tì wọ́n.