Raheemah Bèèrè Iye Iná

Bí Raheemah bá fẹ́ ra nǹkan, á bèèrè nípa rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ní Òjòwò, níbi tó ti ń ya fọ́tò, wọ́n máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bó bá lọ ra iyọ̀, á bi oníyọ̀ léèrè òkun tí wọ́n ti bù ú. Kò bínú sí wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ernest tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń gbé ní Ìwòpin. Ó ra fíláàṣì tuntun, ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fún fọ́tò, ó gbé e lé kámẹ́rà rẹ̀ níbi ìsìn ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fíláàṣì náà tàn wàà lẹ́ẹ̀kan, kámẹ́rà sì kú. Zechariah, tó máa ń bá wọn tún kámẹ́rà ṣe, sọ pé iná mànàmáná tó ti ẹsẹ̀ fíláàṣì wọnú rẹ̀ ló jó o.

Raheemah gba ìwé tó bá fíláàṣì náà wá, ó kà á tinú tẹ̀yìn. Wọ́n yin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò sọ iye iná tó ń rán wọnú kámẹ́rà. Ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n ní àṣírí iṣẹ́ àwọn ni. Ó tún kọ ọ́ pé, "Mi ò bi yín bí ẹ ṣe ṣe é. Ohun tó ń wọnú kámẹ́rà wa ni mo ń bèèrè." Wọn ò fèsì mọ́.

Kámẹ́rà tirẹ̀ kò bàjẹ́, ó lè fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí Zechariah fi mítà wọn iná náà. Ó ju èyí tí kámẹ́rà lè gbà lọ fíìfíì. Raheemah ya fọ́tò mítà náà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ayàwòrán Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè.

Ọládòṣù, tó ń ta fíláàṣì náà, pè é pé ó ń ba ọjà òun jẹ́. Raheemah rọra sọ fún un pé bí wọ́n bá kọ iye iná náà sára páálí, òun fúnra òun á máa júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún oníbàárà. Ọkùnrin náà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ayàwòrán pawọ́ pọ̀ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, òun náà fọwọ́ sí i.

Ìwé yìí ni ilé iṣẹ́ náà kò lè gbójú fò dá. Wọ́n gbé iye iná náà síta, wọ́n sì dárúkọ àwọn kámẹ́rà tí kò gbọdọ̀ fara kàn án. Ṣùgbọ́n wọn ò fún Ernest ní kámẹ́rà mìíràn. Raheemah bá gbé ọ̀kan nínú kámẹ́rà méjì tó ní lọ fún un ní Ìwòpin.

Ernest yí i wò lọ́wọ́ títí. Ó ní, "Iṣẹ́ ni mo kọ́ ọ. Ìgboyà yìí, ìwọ lo gbé e wá láti ilé."

Raheemah kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá."

Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ń pè é báyìí kí wọ́n tó ra ohunkóhun.