Màmá Tó Ń Fi Ọmọ Odó Pamọ́ fún Ajá

Ojú mi méjèèjì ló rí i, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tá a ń pè ní Màmá, lọ gba ajá kan tí kò lẹ́ni nílé dókítà ẹran ní Bassila. Bí wọ́n ṣe mú un dé ilé wa ní Manigri, ajá rí ọmọ odó, ó sá sábẹ́ ibùsùn.

Màmá ní, "Wọ́n ti fi igi lu eléyìí rí."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gúnyán, òkèlè àkọ́kọ́ sì di ti ajá. Ó sanra, orí aṣọ ìbora wọn ló ń sùn.

Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò wa gbé kóńdó wọlé, ó ní ajá náà jẹ adìẹ òun. "Ìyá ajá, ẹ kúrò lọ́nà."

"Ọmọ mi, èmi ni kó o kọ́kọ́ lù."

Ó lù wọ́n lẹ́nu lóòótọ́. Màmá fa ọmọ odó yọ, wọ́n là á mọ́ ọn léjìká. Ajá rí ọmọ odó, kò sá. Ó fi eyín gbá itan ọkùnrin náà mú. Kóńdó fa etí rẹ̀ ya, kò tú u sílẹ̀. Èmi ni mo gba kóńdó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ni, irọ́ ló ń pa.

Eyín Màmá méjì ló lọ, etí ajá kan, àti ọmọ odó kan tó ṣẹ́.