Ìlà Tí Olóògùn Ní Kí N Yọ̀ Sí

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Nígbà tí mo gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta oògùn ní àdúgbò wa ní Ìkòtún ni mo gbé ìwé náà lọ. Ó fi ìka tọ́ ìlà kan nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí wálẹ̀ dáadáa. Ẹ máa jẹ ẹran yín, jàre."

Mo gbà á gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ tí a bá da kọnkéré àjà, onílé a máa se ọbẹ̀ ọlọ́ràá fún wa. Èmi ni mo ń lá àwo. Ní ọjọ́ kan ní Ìgàndó, mo wà lórí àkàbà nígbà tí nǹkan kan fún àyà mi pọ̀. Òógùn tútù bò mí. N kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi yóò kan ilẹ̀ láàyè.

Dókítà obìnrin tó tọ́jú mi ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ béèrè iṣẹ́ mi, ó sì fi í ṣàlàyé.

"Bàbá, ọ̀rá kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, alárù ló ń gbé e. Àwọn kan ń gbé e láti inú ẹ̀dọ̀ lọ káàkiri ara. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn a máa dà á sára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, títí ọ̀nà yóò fi há. Àwọn la ń pè ní búburú. Àwọn rere ń ṣa èyí tó ṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀." Mo na ìwé èsì mi sí i, mo ní wọ́n ti ní kí n yọ̀ sí ìlà kan. Ó fi bírò kàn án. "Àwọn rere ló wálẹ̀ yìí. Ta ló ní kí ẹ yọ̀ sí i?"

Mo mọ kọnkéré tó dà sílẹ̀ tí a kò tètè kó: òòlù nìkan ló ń ṣí i. Ta ni yóò ki òòlù bọ àyà mi?

Mo padà sọ́dọ̀ olóògùn, mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ó rẹ́rìn-ín lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ń fi ẹran sí yín lẹ́nu ni?"

Mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Kì í ṣe owó ni mo ń wá. Kí ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà, kí ó má baà ka ti ẹlòmíràn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìpàdé wà. Mo gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, àyà mi fún. Mo dúró, mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo ránṣẹ́ sí alága pé kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ̀kalẹ̀ wá gbọ́ mi.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Olóògùn ló kẹ́yìn. Alága gba ìwé èsì lọ́wọ́ mi, ó nà án sí i pé kó kà á. Ó wò ó títí.

"N kò mọ̀ ọ́n kà," ló wí.

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò kúrò ní àyà mi.