"Káàbọ̀" Tí Kò Ní "Ẹ"

Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ní ìlọsíwájú ti dé pẹ̀lú rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Agége, ìlọsíwájú náà jẹ́ kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú yàrá kan tó fara ti ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Òórùn ọṣẹ ń gba ojú fèrèsé wọlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ́ jù wá lọ ní Èkó.

Ọ̀gá àgbà wa, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, fẹ́ sọ yàrá náà di ibi ìkó àga ìdánwò sí. Àǹfààní kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa: kí a ṣe ojú-ewé ilé ẹ̀kọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí alága ẹgbẹ́ òbí wò ó. Bí ó bá wù wọ́n, kọ̀ǹpútà yóò dúró. Bí kò bá wù wọ́n, àga yóò wọlé. Èmi ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà yàn láti kọ ọ́, nítorí pé mo gba máàkì tó pọ̀ jù nínú àròkọ, àfi bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni àròkọ àti HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kíbọọ̀dù wa kò ní àmì ìsàlẹ̀ tí ń sọ "E" di "Ẹ". Mo fara mọ́ ọn nínú ìyókù ojú-ewé náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn nínú ìkíni. Mo ya "Ẹ" ńlá pupa kan ní àwòrán, mo sì kọ sínú HTML ibi tí buráúsà, ìyẹn ètò tí ń ṣí ojú-ewé, yóò ti rí i mú. Mo wá kọ "kaabo, eyin obi wa" tẹ̀ lé e. Nínú buráúsà kan ṣoṣo tí a ní, ó rẹwà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí a tún fi buráúsà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò?" ni mo bi olùkọ́.

"Buráúsà ni buráúsà. Ṣé ìkòkò méjì ni ìyá rẹ fi ń tọ́ iyọ̀ wò?"

Mo fi tọwọ́tẹsẹ̀ gba ọgbọ́n ńlá yìí.

Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Ìkẹjà ni èmi, olùkọ́ àti ọ̀gá àgbà mú alága lọ, níbi tí a ti gbé ojú-ewé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ìjẹ̀bú kan tí ń ta páìpù ni alága. Buráúsà ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ojú-ewé ṣí. Àpótí kékeré kan, tó dà bí àwòrán tó ya, ló dúró sí ipò "Ẹ" mi, lẹ́yìn rẹ̀ ni "kaabo" wà.

Alága bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀.

"Káàbọ̀? Èmi? Ọmọ bíbí inú mi kò jẹ́ dán an wò!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, 'Ẹ' náà wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú àpótí yẹn, sà."

"Ó wà nílé, kò jáde wá kí mi. Ìyẹn tilẹ̀ wá burú jù!"

"Ẹ má bínú, sà," ni ọ̀gá àgbà wí. "Lọ́la ni a óò kó àga wọlé."

Olùkọ́ wa ṣàdédé nífẹ̀ẹ́ sí fáànù òkè àjà.

Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ka HTML náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí mo ti kọ ọ̀nà tí buráúsà yóò gbà dé ibi àwòrán, ìlà tó tẹ̀ sẹ́yìn (\) ni mo fà, nígbà tó jẹ́ pé ìlà tó tẹ̀ síwájú (/) ni òfin wí. Buráúsà tiwa rí àṣìṣe náà, ó bò mí láṣìírí. Ti Ìkẹjà kò mọ irú ojú àánú bẹ́ẹ̀. Mo yí ìlà náà padà. Mo tún kọ lẹ́tà "E" síbi tí ọ̀rọ̀ yóò ti rọ́pò àwòrán bí àwòrán bá kọ̀ láti yọ.

Mo tún ojú-ewé náà ṣí, "Ẹ" pupa sì yọjú. Alága kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Hẹn-ẹn. Ó ti wá mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀." Wọ́n yíjú sí ọ̀gá àgbà. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ wá ibòmíràn kó àga yín sí."

Ní ọjọ́ kejì, òfin tuntun wà lára ilẹ̀kùn yàrá náà: ojú-ewé kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé a ti fi buráúsà méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Olùkọ́ wa ló kọ ọ́, wọ́n sì fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé fún wa bí àwọn fúnra wọn ṣe ṣàwárí rẹ̀.