Ẹnu Tí Aṣojú Wa Ń Nù

Kí aṣojú wa nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó purọ́, á kọ́kọ́ fi ańkáṣíìfù funfun nu ẹnu.

Nípàdé Apòmù, ìyá kan tó ń dín dòdò ní Ìkirè bi í pé: "Honorébù, wọ́n ń gba owó orí lórí igbá dòdò mi ní Ìkirè, wọ́n tún ń gbà á níbí. Ìgbà wo lẹ máa ṣòfin kó di ẹ̀ẹ̀kan?"

Ó nu ẹnu. "Ìyá, ó wà lára ohun tá a máa kọ́kọ́ mójú tó."

Ìbò mìíràn ti dé tán, òfin ò jáde. Ìyá ò lè tajà dé Apòmù mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin yìí dúró ti agbada rẹ̀ láìtijú. "Ìyá, dòdò mi dà?"

"Honorébù, ó wà lára ohun tí mo máa kọ́kọ́ mójú tó."

Ó tún nu ẹnu, bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹ nǹkan kan.