Ẹkún Bàbá Àgbà Lójú Ọ̀nà Ìjàn

Kòkó tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń ní òórùn kíkan kan tó ń wọ aṣọ àti irun ènìyàn. Òórùn yẹn ló kún àgbàlá wa ní Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ti fi ìpara pa ẹsẹ̀ mi títí ó fi ń dán, mo sì ti wọ gáùn aláwọ̀ ewé tí mi ò fẹ́ràn, nítorí ó máa ń yún mi lọ́rùn.

Ní kíláàsì àwa ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká ka ìtàn àárọ̀ àjíǹde nínú ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kà á. Níbì kan, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n dárúkọ pé ó lọ síbi ibojì. Níbòmíràn wọ́n jẹ́ méjì, níbòmíràn mẹ́ta. Mo nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló purọ́ nínú wọn?"

Alàgbà tó ń kọ́ wa bínú. Ó ní kí n lọ dúró síta, pé irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹnu ọmọ Kristẹni. Mo jáde, ẹ̀rù sì ń bà mí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù alàgbà. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ti kú ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ fún mi pé a ṣì máa fojú kan ara wa. Bí ìtàn àjíǹde yẹn kò bá ṣẹlẹ̀, níbo wá ni Bàbá Àgbà lọ?

Tíṣà Ìmọ̀ Bíbélì ni bàbá mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí mo rò fún un, kò bínú, kò sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Bọ́sẹ̀, ìbéèrè gidi lo béèrè yẹn. Tó bá di ọ̀sán, wá jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n etí nìkan ni kó o mú wá o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹbí péjọ láti to ìtàn ìgbésí ayé Bàbá Àgbà, èyí tí wọ́n máa kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú. Bàbá mi ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Ọmọ Ìjàn ni Bàbá Àgbà; ó wà lọ́dọ̀ọ́ nígbà tó kó wá sí Ìkẹ́rẹ́. Bó ṣe wá gan-an ni ẹnu ò kò lé lórí. Màmá Adó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ní ẹsẹ̀ ló fi rìn, òun nìkan, bí ọkùnrin. Bọ̀ọ̀dá Èkó, àbúrò wọn, ní ọkọ̀ akẹ́rù ló wọ̀, pé ẹkùn dábùú ọ̀nà, Bàbá sì bá ẹkùn náà sọ̀rọ̀ títí tó fi yà sínú igbó. Àwa ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ìtàn ẹkùn yẹn dùn ju gbogbo ìtàn lọ.

Ìyá Ìjàn, àbúrò Bàbá Àgbà tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ ló wá lanu. "Èmi ni mo sìn ín wá. Ẹsẹ̀ la fi rìn. A ò rí ẹkùn kankan. Bàbá tó bí èmi àti òun ló lé e kúrò n'ulé, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sunkún títí a fi rí àpáta Ìkẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán."

Màmá Adó fò dìde. "Ẹkún kẹ̀? Bàbá wa? Ẹ ò ní ka ìyẹn sétí ìjọ! Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́, mi ò ní wá síbi ìsìnkú yẹn." Ìyá Ìjàn ká ìborùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀kadà, òun fẹ́ padà sílé. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jókòó.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, èmi àti bàbá mi ń kó kòkó wọlé nítorí ìrì. Mo bi í bóyá Màmá Adó purọ́.

"Rárá o. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá Ìjàn ló wà níbẹ̀." Ó da kòkó sínú àpò. "Bí àwọn ìwé ìhìnrere yẹn náà ṣe rí nìyẹn. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ìtàn Jésù kí wọ́n tó kọ ọ́, ìwé tí wọ́n kọ sì pọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan jókòó tó yàn wọ́n tán. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìjọ ń béèrè pé: ṣé ìwé yìí ti pẹ́? Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn tó bá a rìn ló ti wá? Ṣé ó bá ohun tí wọ́n fi kọ́ wa mu? Ṣé àwọn ìjọ tó jìnnà náà ń kà á? Wọ́n jiyàn gan-an. Òmíràn dùn bí ìtàn ẹkùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀."

"Ṣé ó wá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?"

"Pé ó gbé ayé, pé wọ́n kàn án mọ́ igi, àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe onígbàgbọ́ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sá fi í sílẹ̀. Ta ló máa fi irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kún ìtàn ara rẹ̀ lásán? Ṣùgbọ́n àjíǹde, Bọ́sẹ̀, mi ò ní ẹ̀rí tí mo lè gbé lé ọ lọ́wọ́. Mo gbà á gbọ́ ni. Mo ń retí bàbá mi." Ó wá gbé àpò kòkó náà wọlé.

Màmá Adó wá lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Bàbá mi kà á pé ẹsẹ̀ ni Bàbá Àgbà fi rìn láti Ìjàn, pé àbúrò rẹ̀ ló sìn ín, pé ó ń sunkún. Mo rí Màmá Adó tó dìde, mo rò pé ó ń bọ̀ wá jà. Ó rìn wá síwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ìjàn, ó sì bi í jẹ́jẹ́: "Kí lẹ wá ṣe fún un lójú ọ̀nà?"

"Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ni."

Àwọn méjèèjì sunkún pọ̀ níbẹ̀, wọn ò sì jáwọ́ lára ara wọn títí a fi dé ibi sàréè.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà náà lọ báyìí. Mo ti ka ìwé àwọn tó gbà, mo ti ka ti àwọn tí kò gbà, iye obìnrin tó lọ síbi ibojì kò sì lé oorun lójú mi mọ́. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ń wá ẹni tó máa búra fún òun. Lóṣù tó kọjá, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, ọmọ mi obìnrin bi mí bóyá ó dá mi lójú pé àjíǹde ṣẹlẹ̀. Mo ní kì í ṣe lójoojúmọ́. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ tèmi, a sì jọ ń ṣa ẹ̀wà wa lọ.