Ọmọ Tó Ń Pe Ìyá Rẹ̀ ní Àǹtí

Kòkó ló ń rùn ní gbogbo agbo ilé wa ní Ìpáò láàárọ̀ ọjọ́ náà, òórùn kíkan rẹ̀ tí kì í kúrò lára aṣọ. Oṣù Kejìlá ni, lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀. Èmi àti Ìyá Ìsàn, orogún mi, ń tú kòkó ká sórí ẹní. Bùsọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ń ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Bí Fúnmi, ọmọ mi tó bí i, ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú takisí Ìkọ̀lé nìyẹn. Kò pẹ́ tó já ọmọ lẹ́nu ọmú tó gbé e fún mi, tó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán l'Ékòó. Àfi Kérésì ká tó rí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ti gba yàrá, ó ti ra bàtà ilé ìwé.

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Bùsọ́lá kúnlẹ̀ dáadáa: "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Fúnmi." Ó dìde, ó wá sá sẹ́yìn mi.

Ìyá Ìsàn bú sẹ́rìn-ín. "Fúnmi, àlejò lo jẹ́ fún ọmọ rẹ o! Jókòó, ká bu omi fún ọ mu."

Fúnmi kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Kí ni mo kọ́ ọ? Dépò, Ṣadé, Kẹ́hìndé, Sànyà, gbogbo àwọn ọmọ agbo ilé tí òun pẹ̀lú wọn jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, Àǹtí Fúnmi ni wọ́n ń pè é. Kí ni kí òun nìkan wá pè é? Mo sọ fún Bùsọ́lá pé, "Màmá ẹ nìyí." Ó wò mí lójú: "Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ̀yin?" Mo ní ìyá ìyá rẹ̀ ni mí. Ó ní, "Irọ́ ni o!" Ni Fúnmi bá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń sunkún. Ẹkún wo? Ta ló lé e lọ sí Èkó?

Lọ́jọ́ kejì ọdún, wọ́n lọ. Bùsọ́lá di ìró mi mú títí ó fi tú nídìí mi lójú dírẹ́bà. Ó ń ké, "Ulé mi rè é o! Ulé mi rè é!"

Ọdún gorí ọdún. Fúnmi kú lójò èṣí. Wọ́n sin ín, wọn ò jẹ́ kí n débẹ̀. Bùsọ́lá wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú Tóbi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Mo ní kó fi Tóbi sílẹ̀ fún mi títí ilé ìwé á fi wọlé. Kí ló burú níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ifisin lèmi náà dàgbà sí, ẹnikẹ́ni ò fi ṣe ẹkún sun.

Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹnikẹ́ni lèmi?"

Ó di ọwọ́ Tóbi mú ṣinṣin títí ó fi tì í wọ mọ́tò. Ọmọ tó sunkún mi lójú gbogbo Ìpáò, òun ló ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dàgbà, ó gbọ́n, kò sì gbọ́ràn mọ́. Inú ṣì ń bí mi. Fúnmi ni ǹ bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn.